Ìwọ̀n La Fi Ń Tajà, Ìwọ̀n Náà Ni Ká Fi Jẹ Ẹ̀fọ́

  Láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, láti ìdí Màpó dé Bẹ́yẹrúnkà, títí kan àwa ará Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú níbí, ẹ̀yin la kọ ọ̀rọ̀ yìí fún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó mọ̀wé kà kó kà á sétí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ la fẹ́ sọ. Ẹ má sọ pé, "Kí ló tún kù tí a ò mọ̀ nípa ẹ̀fọ́? Ṣebí àwa la ń tà á!" Òótọ́ ni, àwa la ń tà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ẹni tó ń ta tẹ̀tẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kí ló jẹ lọ́sàn-án àná? Ọ̀pọ̀ nínú wa, búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni. Ẹlòmíràn á ra àmàlà, á ní kí wọ́n fi ṣàkì sí i, kí wọ́n fi pọ̀nmọ́ sí i, kí wọ́n da ọbẹ̀ ata lé e dáadáa. Ewédú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ò ju ohun tí yóò fi yí òkèlè mẹ́ta lọ. A ń di ohun tó dára fún oníbàárà, àwa fúnra wa ń lọ sílé lọ́wọ́ òfo.

Ohun kan ló mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá kan wà tó máa ń ta èlùbọ́ nítòsí wa. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà, wọ́n sì ti fún un ní oògùn tí yóò máa lò lójoojúmọ́. Nígbà tó yá, ẹnì kan sọ fún un pé omi ewúro ló ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru sàn pátápátá. Bí ìyá ṣe pa oògùn tì nìyẹn. Ife omi ewúro kan láàárọ̀, òmíràn lálẹ́. Lójú tirẹ̀ ara ń yá, kò sì padà lọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní kóun gbé igbá èlùbọ́, apá òsì kọ̀, ẹnu sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A dúpẹ́ pé ìyá ò kú, àmọ́ ìsọ̀ náà ti di ti ọmọ rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn.

Ẹ má gbọ́ mi lódì o. Kì í ṣe ewúro ló ṣe ìyá náà níbi. Ó fi ewé rọ́pò ohun tí ewé ò lè rọ́pò ni. Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ wa fi lójú méjì: àìjẹ ẹ̀fọ́ léwu, àṣejù rẹ̀ náà sì léwu.

OHUN TÍ ÀWỌN DÓKÍTÀ RÍ NÍ ÌLÚ WA

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n kó ti òkè òkun dé la ń sọ. Ní Ìbàdàn níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn àti UCH, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà àti Gánà, ṣe ìwádìí ńlá kan lórí àrùn rọpárọsẹ̀. SIREN ni wọ́n ń pe ìwádìí náà, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2018. Wọ́n mú ènìyàn 2,118 tí rọpárọsẹ̀ kọlù, wọ́n wá ènìyàn 2,118 mìíràn tí kò kọlù, wọ́n sì wo ìgbé ayé àti oúnjẹ wọn, wọ́n fi ti èkíní wé ti èkejì.

Kí ni wọ́n rí? Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú gbogbo rẹ̀. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹran jíjẹ lemọ́lemọ́, ikùn ńlá, àti ìtọ̀ súgà. Lẹ́yìn àwọn yìí ló wá kan àìjẹ ẹ̀fọ́ eléwé déédéé. Ẹni tí kì í jẹ ẹ̀fọ́ déédéé, ewu rọpárọsẹ̀ tirẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti ẹni tó ń jẹ ẹ́ lọ. Wàhálà ọkàn wà nínú rẹ̀, bíbu iyọ̀ sí oúnjẹ lórí àwo náà wà níbẹ̀. Ẹ wo àwọn nǹkan wọ̀nyẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Èwo ni kò sí láàárín àwa ọlọ́jà?

Ìwádìí kejì tún sún mọ́ wa ju ìyẹn lọ. Ìdíkàn, tí a lè fẹsẹ̀ rìn dé láti ibí, ni wọ́n ti ṣe é. Ní 1992 ni àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì wà lára wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í tọ àwọn àgbàlagbà Ìdíkàn lẹ́yìn láti mọ àwọn tí àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ń mú. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń gbé ní ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001 ya gbogbo ayé lẹ́nu. Nínú ẹgbẹ̀rún àgbàlagbà, nǹkan bí 13 ni àrùn náà ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dún kan ní Ìdíkàn. Ní Indianapolis, nǹkan bí 32 ni. Àwọn dókítà ò sọ pé ẹ̀fọ́ nìkan ló fà á o. Ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìdíkàn kéré sí ti àwọn yòókù, oúnjẹ wọn ò sì ní ọ̀rá púpọ̀. Oúnjẹ àwọn ìyá wa àgbà nìyẹn. Ṣé àwa ọmọ wọn ṣì ń jẹ ẹ́?

IṢẸ́ TÍ Ẹ̀FỌ́ Ń ṢE LÁRA

Èkíní, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru. Iyọ̀ àpọ̀jù ń gbá omi jọ sára, ẹ̀jẹ̀ á wá máa ti iṣan bí ìgbà tí omi bá pọ̀ jù nínú páìpù. Èròjà kan wà nínú ẹ̀fọ́ tó ń jẹ́ potassium. Òun ló ń bá kíndìnrín lé iyọ̀ jáde nínú ìtọ̀, tí iṣan á sì dẹ̀. Ó ń ṣèrànwọ́ fún oògùn, kì í gba iṣẹ́ oògùn ṣe.

Èkejì, ọ̀rọ̀ ìgbẹ́. Àwa tí a ń jókòó sórí àpótí láti àárọ̀ dalẹ́, tí a kì í fẹ́ mu omi nítorí pé ilé ìtọ̀ jìnnà, ìgbẹ́ gbígbẹ àti jẹ̀díjẹ̀dí kì í jìnnà sí wa. Àwọn okun tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú ewé tí ikùn kì í lọ̀ tán. Àwọn ló ń gbá ìdọ̀tí inú ìfun jáde. Àwọn náà ló ń dá oúnjẹ dúró díẹ̀ kí súgà rẹ̀ má bàa sáré wọ ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ fún ẹni tó ní ìtọ̀ súgà pé kó dín òkèlè kù, kó fi ẹ̀fọ́ kún ọbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ ojú àti ẹ̀jẹ̀. Ewé tó bá dúdú dáadáa ní ohun tí ara ń sọ di fítámì A, tó ń jẹ́ kí ojú ríran lálẹ́, tó sì ń jẹ́ kí ọmọdé lè bá àìsàn jà. Ó tún ní fólíìkì, irú èyí tí wọ́n ń fún aláboyún ní ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin aláboyún, ẹ jẹ ẹ̀fọ́, àmọ́ ẹ má torí ẹ̀fọ́ fi oògùn tí wọ́n fún yín sílẹ̀. Èròjà irin tó ń fún ẹ̀jẹ̀ lágbára náà wà nínú ewé, ṣùgbọ́n ara kì í tètè gbà á bó ṣe ń gba ti ẹran àti ẹja. Bí a bá fi ọsàn kan tẹ̀ lé oúnjẹ, ara á gbà á dáadáa. Tíì tí a bá mu lórí oúnjẹ ló ń dí i lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ fi tíì sí ìgbà mìíràn.

EWÉ KAN KÌ Í NÍ GBOGBO NǸKAN

Àwọn baba wa ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n àwùjọ ni wọ́n sọ, wọn ò ní kí tẹ̀tẹ̀ dá nìkan wà. Ẹni tó bá jẹ ewédú lónìí, kó jẹ tẹ̀tẹ̀ lọ́la, kó jẹ ṣọkọ lọ́tunla. Ẹ bá gbúre, ugú, òdú àti ewúro lò káàkiri ọ̀sẹ̀. Ẹ má gbàgbé ilá, kárọ́ọ̀tì àti tòmátì. Ohun tí ọ̀kan ò ní, èkejì á ní in. Àwọn kan ń pe ṣọkọ ní ṣọkọ-yòkòtò, wọ́n ní ó ń mú kí ọkọ sanra kó jọlọ̀. A gbà, àmọ́ ìyàwó náà ńkọ́? Ẹ bu ti yín sílẹ̀ kí ẹ tó gbé àwo baálé lọ.

Kò pọn dandan kó jẹ́ ẹ̀fọ́ olówó gọbọi. Tẹ̀tẹ̀ tí ẹ gbìn sẹ́yìnkùlé nínú àpò sìmẹ́ńtì tó ti gbó, ẹ̀fọ́ náà ni. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ nípa irúgbìn tó dára, àwọn ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ NIHORT wà ní Ìbàdàn níbí, ní Ìdí-Ìṣin. Láti 1975 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ àti èso.

MÉLÒÓ LÓ TÓ?

Ìbéèrè tí gbogbo yín ń bi wá nìyí. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà máa jẹ ẹ̀fọ́ àti èso tó tó gíráàmù 400, ó kéré tán, lójúmọ́. Wọ́n pín in sí ọ̀nà 5, gíráàmù 80 lọ́nà kọ̀ọ̀kan. Iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀dùnkún ò sí nínú ìṣirò yìí o, kí ẹnikẹ́ni má ka àmàlà mọ́ ẹ̀fọ́.

A ò ní òṣùwọ̀n gíráàmù nílé ìdáná, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi ṣíbí sọ ọ́. Ẹ̀fọ́ tí a ti sè, ṣíbí ńlá 3 tó kún dáadáa ló tó ọ̀nà kan. Ọsàn kan náà tó ọ̀nà kan. Bí ẹ bá fi ẹ̀fọ́ rírò ṣíbí 3 sí oúnjẹ ọ̀sán, tí ẹ fi 3 mìíràn sí ti alẹ́, tí ẹ jẹ ọsàn kan láàárọ̀, tí ẹ gé ìbẹ́pẹ díẹ̀ lọ́sàn-án, tí tòmátì àti àlùbọ́sà sì wà nínú ọbẹ̀, ẹ ti dé ibẹ̀ nìyẹn. Kò le. Owó pọ̀nmọ́ kan tí a bá yọ kúrò lè ra ẹ̀fọ́ tí gbogbo ilé yóò jẹ.

Ẹ tún wo àwo Ìbàdàn wa. Ewédú rèé, ewé ni. Gbẹ̀gìrì rèé, ẹ̀wà ni, ó ń gbé ara ró. Ẹja díẹ̀, òkèlè díẹ̀. Àwọn tó ṣe àbùlà sílẹ̀ fún wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Àwa la sọ òkèlè di òkè, tí a sọ ewédú di omi ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ dá a padà: kí òkèlè dín kù, kí ewédú àti gbẹ̀gìrì pọ̀ sí i.

BÍ ÀṢEJÙ ṢE Ń ṢENI

Ẹni tí kì í jẹ ẹ̀fọ́ tẹ́lẹ̀, tó wá jí lọ́jọ́ kan tó jẹ odindi ìkòkò, inú rẹ̀ á wú, á máa sọ kùlùkùlù, ó sì lè máa yàgbẹ́. Ẹ fi kún un díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa mu omi sí i.

Ọmọ kékeré, ikùn rẹ̀ kò tóbi. Bí ẹ bá fi ẹ̀fọ́ nìkan kún un, ó ti yó, àmọ́ kò rí okun. Ọmọ tó bá ti pé oṣù 6, ẹ fi ẹ̀fọ́ tó rọ̀ díẹ̀ sínú oúnjẹ rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹyin, ẹja tàbí ẹ̀wà àti epo díẹ̀ kún un.

Àwọn mẹ́ta kan tún wà tó gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gan-an. Ẹni àkọ́kọ́ ni ẹni tí òkúta ti bọ́ sí kíndìnrín rẹ̀ rí. Tẹ̀tẹ̀ àti gbúre ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní oxalate, tó wà lára ohun tí òkúta yẹn fi ń dì. Kó bọ̀ wọ́n, kó da omi rẹ̀ nù, kó má sì fún wọn mu ní tútù. Ẹni kejì ni ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Potassium tó ń ran àwa yòókù lọ́wọ́, tirẹ̀ ò lè rí i lé jáde, ó sì lè ba ọkàn jẹ́. Dókítà rẹ̀ ni yóò sọ ìwọ̀n tirẹ̀ fún un, kì í ṣe àwa. Ẹni kẹta ni ẹni tó ń lo oògùn warfarin kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má bàa dì. Fítámì K inú ewé ń bá oògùn yẹn jà. Kò ní kó má jẹ ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n kó máa jẹ ìwọ̀n kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kó má ṣe jẹ agbada kan lónìí kó tún gbààwẹ̀ ẹ̀fọ́ fún oṣù kan.

Ní ti omi ewúro, ẹni tó bá ń lo oògùn súgà tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru, tó tún ń mu ún ní ife-ife, kó jẹ́ kí dókítà rẹ̀ mọ̀. Ewúro tí a fọ̀ tí a fi sebẹ̀, oúnjẹ ni. Ewúro tí a fi lé oògùn kúrò nílé, ó ti di nǹkan mìíràn. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́.

BÍ A ṢE Ń SÈ É

Ẹ fọ ẹ̀fọ́ kí ẹ tó rẹ́ ẹ, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá rẹ́ ẹ tán. Bí ẹ bá rẹ́ ẹ tán kí ẹ tó fọ̀ ọ́, ohun tó ń ṣara lóore á bá omi lọ. Ọ̀pọ̀ wa máa ń bọ̀ ọ́ títí tí yóò fi rà, a ó wá fún un pọ́n-ún bí aṣọ, a ó da omi rẹ̀ nù. Bí kò bá jẹ́ pé ó korò tàbí pé ẹ ní òkúta kíndìnrín, kò nílò gbogbo ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ ata jinná tán, kí ẹ da ẹ̀fọ́ lé e, kí ẹ rò ó pọ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó.

Epo díẹ̀ dára, nítorí inú epo ni fítámì A ti ń rí ọ̀nà wọ ara. Epo pupa fúnra rẹ̀ ní ohun tó ń di fítámì A. Àmọ́ bí ẹ bá yan epo títí tó fi funfun tí èéfín gba ilé, ẹ ti sun gbogbo ìyẹn dànù. Kò sì yẹ kí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ máa léfòó nínú epo.

Kánún tí a ń fi sínú ewédú kó lè yọ̀ dáadáa, irú iyọ̀ kan ni, ó sì ń ba fítámì inú ewé jẹ́. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kó yàgò fún un. Ìjábẹ̀ tó dára àti ewédú tí kò tíì rọ, wọ́n tó láti mú un yọ̀. Ẹ dín magí àti iyọ̀ náà kù. WHO ní kí gbogbo iyọ̀ tí àgbàlagbà máa jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn ò ju ṣíbí tíì kan lọ. Irú tó dára á bá yín mú ọbẹ̀ dùn.

ÀWA TÍ A Ń TÀ Á

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa, ọ̀rọ̀ ilé ni. Omi tí a ń wọ́n sórí ẹ̀fọ́ kó má bàa rọ, níbo la ti ń bù ú? Bó bá jẹ́ omi gọ́tà ni, onígbáméjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun là ń tà pẹ̀lú ẹ̀fọ́, oníbàárà wa ló sì ń rà á lọ fún ọmọ rẹ̀. Ẹ lo omi tó mọ́, ẹ gbé ẹ̀fọ́ kúrò nílẹ̀, ẹ fi àpò tútù bò ó níbi òjìji. Bí ẹ bá ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbìn ín ní àkùrọ̀, ẹ bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n fọ́n oògùn kòkòrò sí i gbẹ̀yìn. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n fọ́n oògùn sí láàárọ̀ kò yẹ lórí igbá wa lọ́sàn-án.

Èyí tó bá sì kù nírọ̀lẹ́, tí kò tíì bàjẹ́, ẹ má fi owó yẹpẹrẹ jù ú nù tán. Ẹ mú ìdì kan lọ sílé. Ẹ̀yin náà lẹ́mìí.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹni tí wọ́n bá fún lóògùn, kó lò ó. Kí ó fi ẹ̀fọ́ tì í lẹ́yìn, kó má fi ẹ̀fọ́ lé e jáde. A mọ bí a ṣe ń wọn gààrí nínú kóńgò tí kò fi ní dín, tí kò sì ní ya dànù sílẹ̀. Bí a ó ṣe máa bu ẹ̀fọ́ sínú àwo wa náà nìyẹn.

Ìlera loògùn ọrọ̀. Ọlọ́run á jẹ́ ká pẹ́ lórí ìsọ̀, ká sì jèrè ọjà wa.